Ọwọ́ Tí Mo Gbé Sókè Lọ́jọ́ Gálílì

Èmi, Fọlọ́runṣọ́ Babáṣọlá Ògúnjìmí, tí gbogbo Ìsọlọ̀ ń pè ní Fọlọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Àyànníyì lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì. Ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú eyín méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́nu, tí agbẹ̀bí fi gba ojú fèrèsé sá lọ. Ẹni tí ọkọ̀ ojú irin Kánò máa ń dúró kí, kí ó tó wọ Ìddó. Ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ ọ̀tún, dá lọ́rì oníyanrìn dúró lójú títì lọ́jọ́ Gálílì ọdún 1972, tí ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fi rí ọ̀la: mo kéde fún gbogbo ẹni tí ìwé yìí bá kàn pé orí mi pé, ara mi dá, n kò mu ẹmu, n kò fa sìgá láti àná, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́rùn kí n tó kọ ọ́.

Èyí ni ìwé ìhágún mi ìkẹyìn. Mo fagi lé èyí tí mo ti kọ ṣáájú, pàápàá èyí tí mo kọ ní kíláàsì karùn-ún, tí mo fi há pàṣán tíṣà wa fún odò.

ÌPÍN KÌÍNÍ. Ẹ̀gbọ́n Akínbọ̀wálé, tíṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀yin ni mo fi ṣe alábòójútó ìwé yìí, nítorí nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ní báàgì tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ kò sì nà mí rí láìjẹ́ pé mo ṣẹ̀. Ẹ fi í sínú báàgì náà, ẹ tì í pa. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn padà láti Gálílì ní ọjọ́ Ajé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà fún mi láìṣí i, kí n fi dá iná sítóòfù. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbé mi padà ni, ẹ ṣí i, kí ẹ kà á sókè níwájú gbogbo ìjọ, kí ẹ má fo ìlà kankan, títí kan ibi tí mo ti bú Bàbá Ìjọ.

Ẹni tí kì í ṣe ará ìjọ wa lè béèrè pé kí ló wà ní Gálílì tí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún fi ń há ogún. Gálílì ni ọjọ́ kejì Àjíǹde. Lọ́jọ́ náà, àwa aláṣọ funfun ti Ìjọ Orísun Àánú máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti Ìsọlọ̀, pẹ̀lú orin àti agogo, lọ sí etí odò ní Òkè-Àfà láti jẹ ìrẹsì níbi tí afẹ́fẹ́ wà, gẹ́gẹ́ bí Jésù ti ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Gálílì. Sùtánà funfun là ń wọ̀, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn, nítorí sùtánà àti bàtà kì í jọ rìn nínú ìjọ wa. Ọmọ kan ní í gbé àsíá funfun ṣáájú. Òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, òun náà ló máa dúró láàárín rẹ̀ títí gbogbo ìjọ yóò fi sọdá. Láti ọdún 1972 a kò lọ mọ́, nítorí ọmọ kan kú lójú títì lọ́dún náà. Àbúrò mi ni.

Lọ́dún yìí, Bàbá Ìjọ ní a kò lè máa sá fún títì títí Jésù yóò fi dé. Lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, wọ́n ṣẹ́ kèké nínú àwo fún àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún méjìlá. Kèké mú Táyọ̀, àbúrò mi tó kù, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọn kò tíì gbé àwo náà kúrò nílẹ̀ tí Wòlíì Ọmọ́wùmí fi ṣubú lulẹ̀, tó ń gbọ̀n bí ẹyẹ tí òjò pa. Ó ní òun rí àsíá funfun tí wọ́n bọ sínú omi pupa. Ó ní wọ́n sá a sórí títì, oòrùn mú ganrínganrín, àsíá kò gbẹ. A gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ààwẹ̀, Bàbá Ìjọ ní torí àdúrà ni Ọlọ́run ṣe ń fi ìran hàn, kì í ṣe torí àtisá. Kèké sì ti mú ẹni tó mú.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn. Mo ní ẹ jẹ́ kí èmi gbé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Fọlọ́, ìwọ ti gbé tìẹ. Ẹni tó ti fi ọwọ́ dá lọ́rì dúró lẹ́ẹ̀kan, kó fún ẹlòmíràn láyè.” Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Bí lọ́rì bá kọ̀ láti pa mí, pàtẹ́wọ́ yẹn yóò bá a parí iṣẹ́.

Nítorí náà, èmi ni n ó gbé e. Wọn kò mọ̀. Táyọ̀ gan-an kò mọ̀. Mo ti ká sùtánà rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo rì í mọ́ ìsàlẹ̀ àpò gàrí Ìyá Sàfúrátù, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Bí ó ṣe ń wá a kiri ilé tó ń sunkún, àwa yóò ti sọdá. Àforíjì àpò gàrí wà nínú ìpín kẹjọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ojo ló mú mi kọ ìwé. Títì yẹn kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó epo kò tíì dé, ènìyàn lè jẹ àkàrà kan tán kí ọkọ̀ kejì tó kọjá. Nísinsìnyí gbogbo ènìyàn ti di onílé: sìmẹ́ǹtì ń sáré, irin ń sáré, yanrìn ń sáré, wọn kì í sì í sinmi lọ́jọ́ Àjíǹde. Ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níbi tí a ti máa ń sọdá. Kí ojú tó mọ́ dáadáa, lọ́rì ọgọ́ta ti kọjá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dẹwọ́. Yanrìn tí lọ́rì 1972 dà sínú kòtò ṣì wà níbẹ̀. Koríko hù lọ́tùn-ún, koríko hù lósì, lórí yanrìn náà, ewé kan kò hù.

ÌPÍN KEJÌ. Mo fi ilé alájà mẹ́rin tí mo ní ní Ire-Akari fún Bàbá Àjàmú, mẹ́gàdì ilé náà.

Kí lọ́yà kankan má yọ mí lẹ́nu. Òótọ́ ni pé ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ epo ló ń kọ́ ọ, tí kò tíì ní òrùlé, tí àjà rẹ̀ sì jẹ́ méjì bí ènìyàn bá kà á láìfi ìfẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ mi wà lára rẹ̀. Mo fi ìṣó kọ ọ́ sára sìmẹ́ǹtì tútù lẹ́yìn ilé ìdáná: F. B. ÒGÚNJÌMÍ LÓ NI Í. Ẹni tó bá ní ìwé tó le ju sìmẹ́ǹtì lọ, kó mú un wá.

Bàbá Àjàmú ká mi mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń kọ ọ́. Mo ti ń wo ibi tí n ó gbà fò. Ó fi ọ̀pá rọra tì mí, ó ní: “Kọ ọ́ kó gún, ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí èèyàn bá kọ sára sìmẹ́ǹtì, òun náà ló máa padà wá kà á.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń lọ jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́. Ará Ìwó ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé ká mọ́, orí búlọ́ọ̀kù ló máa ń nà á lé. Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn lù ú lójú títì, wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ náà. Adájọ́ jù ú sẹ́wọ̀n ọdún kan ààbọ̀. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ padà sí Ìwó. Bí ó bá tòògbé lọ́sàn-án, ẹ máa rí i tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì nínú oorun.

Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré: “Fèrè mi dún, ọmọ. Ọlọ́run gbọ́ ọ. Èèyàn ni kò gbọ́.” Bí mo bá sì fẹ́ máa lọ, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ tí gbogbo ohun tó ní ti bọ́ kúrò nínú rẹ̀, á ní: “Ọ̀nà ò ní jẹ ọ́. Ẹni tó bá ń fọn fèrè fún ọ, wàá gbọ́.” Mo máa ń ṣe àmín.

Kò mọ ẹni tí mo jẹ́. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Òun ló wa lọ́rì oníyanrìn ọjọ́ Gálílì.

ÌPÍN KẸTA. Òfin kò gbà kí a há ogún fún òkú, ṣùgbọ́n èmi kì í tẹ̀ lé òfin láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo fi ìdajì bisikíìtì tí mo bù jẹ lọ́wọ́ Adébímpé, àbúrò mi obìnrin, fún un padà. Mo tún fi súfèé tí mo ṣèlérí láti kọ́ ọ fún un. Kó gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bá dé.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi Àjíǹde ọdún 1972, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ni gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, tí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Títí di ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé ni pé kí o tó sọdá, wo ọ̀tún ná, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń bọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, gbogbo rẹ̀ yí padà: òsì ló yẹ kí a máa kọ́kọ́ wò. Redíò ti kéde rẹ̀ títí ó fi há. Èmi mọ̀ ọ́n ju redíò lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń kọ́ àwọn ìyá ìjọ bí wọn ó ṣe máa sọdá, tí mò ń gba àkàrà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ kejì ìyípadà náà ni Gálílì bọ́ sí. Èmi ni mo gbé àsíá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọwọ́ òsì mi wà lára àsíá, ọwọ́ ọ̀tún mi di Adébímpé mú, ọmọ ọdún márùn-ún, tí kì í gbà kí ẹlòmíràn mú òun lọ́wọ́.

Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ fún ọlọ́pàá, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì lọ kà á ní kóòtù: Adébímpé fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó sá padà láti mú bàtà rẹ̀ tó bọ́, lọ́rì kan já dé láìfọn fèrè, ó gbá a, nígbà náà ni mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè ní orúkọ Jésù, tí lọ́rì náà yà bàrá, tó wọ kòtò, tó da yanrìn nù, tí àwọn ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó wà lẹ́yìn mi kò fi fara pa. Ibi ti ọwọ́ yẹn nìkan ni ẹ̀yin ti ń gbọ́ láti ọdún mẹ́ta. Òun lẹ ṣe ń bu ẹran tó tóbi jù fún mi níbi ìkórè.

ÌPÍN KẸRIN. Mo fi sípánà méje, pọ́ǹpù kan àti irin méjì tí a fi ń yọ táyà fún Ọ̀gá Àyànníyì. Òun ló ni wọ́n. Ó ti ń wá wọn láti Kérésìmesì, ó sì ti lé ọmọṣẹ́ méjì lọ nítorí wọn. Kó pe àwọn ọmọ náà padà. Ọ̀gá, Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ yín gbòòrò, kí ẹ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí mọ́tò, kí etí mi tí ẹ máa ń fà yìí má ṣe gùn ju bó ṣe wà lọ ní ọ̀run.

ÌPÍN KARÙN-ÚN. Mo fi agogo kẹ̀kẹ́ mi, èyí tó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ọ̀run, fún Sàfúrátù, ọmọ Ìyá Sàfúrátù.

Sàfú nìkan ni ẹni tí kò gbà mí gbọ́ rí. Òun ló sọ fún mi pé: “Fọlọ́, bí ìwọ bá ní ilẹ̀ ti mọ́, màá kọ́kọ́ yọjú wo ìta.” Lánàá, nígbà tó ń wọn gàrí, mo sọ fún un pé mo lè má padà lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, “Pa òmíràn, èyí ò dùn.” Ó tún wọn kóńgò méjì. Ó wá wò mí, ó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kóńgò sílẹ̀, ó lọ mú tẹ̀sùbáà bàbá rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn àtẹ, ó ń kà á fún mi, fún ọmọ aláṣọ funfun, títí wọ́n fi pe ìrun. Àwọn oníbàárà ń dúró. Ẹnì kan ní ṣé gàrí yìí kì í ṣe títà mọ́ ni. Kò gbójú sókè.

Sàfú, mo fẹ́ràn rẹ. N kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Kí Ọlọ́run tí àwa méjèèjì ń pè fún ọ ní ọkọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n.

ÌPÍN KẸFÀ. Mo fi ajá mi, Kòsẹ́nìmáni, fún Wòlíì Ọmọ́wùmí.

Ìjà wa ti pẹ́. Ó ní ajá kì í wọ ilé àdúrà, mo ní ajá mi kì í sùn lákòókò ìwàásù bíi ti àwọn kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ọ̀pẹ ni Kòsẹ́nìmáni ti kọ oúnjẹ. Ó máa ń bá mi dé ìdí igi máńgòrò, kò sì ní tẹ ọ̀dà títì. Á jókòó, á kọjú sí ọ̀nà Òṣòdì, á máa hu, irú híhu tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Lánàá mo gbé e lé èjìká pé kí n gbé e sọdá. Ó bù mí jẹ, èmi tí mo fi ẹnu ara mi jẹ egungun fún un nígbà tó wà lọ́mọ. Wòlíì, ẹ̀yin méjèèjì ń rí nǹkan. Ẹ jọ máa gbé. Kí Ọlọ́run fún yín ní ìran ayọ̀ kan ṣoṣo kí ẹ tó kú, kí ẹ lè mọ bó ṣe máa ń rí.

ÌPÍN KEJE. Fún Táyọ̀, àbúrò mi, mo fi ẹní tó wà lábẹ́ fèrèsé, kànnàkànnà mi, àti ọ̀pá Màmá Àgbà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Akínbọ̀wálé, mo bẹ̀ yín, ẹ mú un sọ́dọ̀. Ìyá wa ti kú níbi ìkúnlẹ̀ Adébímpé. Bàbá wa tó wà ní Kàdúná máa ń rántí wa nígbà tí redíò bá dárúkọ Èkó. Màmá Àgbà, ìyá ìyá wa, ló tọ́ wa, wọ́n sì ti sùn láti oṣù kọkànlá tó kọjá. Táyọ̀ kì í jẹun púpọ̀. Irọ́ ni, ó máa ń jẹun gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń fọ abọ́.

Táyọ̀, ọ̀pá yìí ni mo fẹ́ kó o tọ́jú jù. Wàá rántí ọjọ́ tí Màmá Àgbà ní ká wá kúnlẹ̀ kí wọ́n súre fún wa. Wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n gbára lé orí ọ̀pá náà nítorí ẹ̀yìn wọn kò dúró mọ́. Mo sáré kúnlẹ̀ sí ọwọ́ òsì wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ọwọ́ ọ̀tún wọn lè bọ́ sórí rẹ, nítorí mo mọ irú orí tó wà lọ́rùn mi. Màmá Àgbà gbé ọ̀pá lé itan. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì gbé wọn kọjá ara wọn bí Jékọ́bù ti ṣe lórí àwọn ọmọ Jósẹ́fù. Ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sórí mi. Mo ní, “Màmá, ẹ ti ṣì í.” Wọ́n ní, “N kò ṣì í. Mo mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì jù ọ́ lọ.” Ìwọ rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Wọ́n sin ọmọ wọn, wọ́n sin ọmọ ọmọ wọn, ojú wọn ti ń ṣú, ẹsẹ̀ wọn wú, síbẹ̀ wọ́n súre bí ẹni tí ire ṣì kún inú àpò rẹ̀. Wọ́n ní a ó dàgbà, a ó gbó, títì ò ní mọ orúkọ wa. Lẹ́yìn náà wọ́n fa etí mi mọ́ra, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí ìwọ kò gbọ́. N ó kọ ọ̀rọ̀ náà kí ìwé yìí tó parí, bí ọwọ́ mi bá gbà fún mi.

Ire tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé lé mi, mo yí i padà sórí rẹ. Bí mo bá lè jí sípánà, mo lè jí ìbùkún fún ọ. Wàá sọdá gbogbo ọ̀nà tó bá dé iwájú rẹ. Ọmọ rẹ yóò sin ọ́, o kò ní sin ọmọ. Wo òsì, wo ọ̀tún, tún òsì wò. Má ṣe gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní kò sí nǹkan tó ń bọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ.

ÌPÍN KẸJỌ. Àwọn àforíjì tí mo jẹ. Ìyá Sàfúrátù: sùtánà kan wà nínú gàrí yín. Ìyá Ìjọ: èmi ni mo fi ata sínú tùràrí. Bàbá Ìjọ: mo sọ lẹ́yìn yín pé ẹ fẹ́ràn kèké ju ọmọ lọ. N kò gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run bùkún yín, kó má sì fi kèké mú ọmọ tiyín.

ÌPÍN KẸSÀN-ÁN. Bí wọ́n bá sin mí, kí wọ́n sin mí tòun ti ẹsẹ̀ lásán. Kí ẹnikẹ́ni má bu yanrìn ẹ̀bá títì yẹn sórí mi.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìsọlọ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọdún 1975, ọjọ́ tí Jésù wà nínú ibojì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá yóò jáde.

F. B. Ògúnjìmí

Ẹlẹ́rìí kìíní: Sàfúrátù Abórìṣàdé, Ìsọlọ̀. (Ó ní òun kò kà á, òun kàn fọwọ́ sí i kí n lè kúrò níwájú àtẹ ìyá òun. Ojú rẹ̀ pọ́n.)

Ẹlẹ́rìí kejì: Àjàmú, mẹ́gàdì, Ire-Akari. Àtàǹpàkò rẹ̀ nìyí, gíríìsì kẹ̀kẹ́ la fi tẹ̀ ẹ́.

ÀFIKÚN. Mo ti ká ìwé yìí pọ̀, gọ́ọ̀mù ti wà lọ́wọ́ mi, kí n tó tún un ṣí. Mo gbé e dé Ire-Akari; Bàbá Àjàmú kò mọ̀wé kà. Ó béèrè pé ìwé kí ni. Mo ní ìwé àdúrà ni. Ó ní, “Bó bá jẹ́ àdúrà ni, jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.” Ẹ wò ó dáadáa, àtàǹpàkò méjì ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, kí gíríìsì má bàa kàn mí, ó sì gbé e lé mi lórí. Ó ní n ó dé ibi tí mò ń lọ, n ó sì padà.

Nítorí náà mo fagi lé Ìpín Kìíní. Ẹ̀gbọ́n Akínbọ̀wálé, bí mo padà, bí n kò padà, ẹ ṣí ìwé yìí, ẹ kà á fún ìjọ, kí ẹ sì gbé e lọ sí kóòtù tó dá ẹjọ́ Bàbá Àjàmú. Bí mo bá padà, èmi fúnra mi ni n ó dúró níbi tí ẹ ti ń kà á. Bí mo bá fẹ́ sá, ẹ dì mí mú. Mo máa fẹ́ sá.

Ọ̀rọ̀ tí Màmá Àgbà sọ sí mi létí nìyí: “Bàtà wo, Fọlọ́?”

Sùtánà ló wà lọ́rùn Adébímpé. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn, bíi tèmi, bíi ti gbogbo yín. Ọlọ́pàá kò mọ àṣà ìjọ wa. Adájọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kò sí ní kóòtù. Màmá Àgbà nìkan ló dúró tì mí nígbà tí mò ń sọ ọ́ fún ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ tí wọ́n súre fún wa, wọ́n fi kún un pé, “Ẹ̀yìn yín ni mo wà lọ́jọ́ náà. Mo rí ọwọ́ rẹ. Mo dákẹ́ nítorí o ti kú tán lójú mi, n kò lè sin méjì lọ́jọ́ kan. Ìdákẹ́ mi ló ju ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ dé iwájú Ọlọ́run pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní dìgbà tí ọwọ́ wa bá mọ́ ká tó gbé e lé ọmọ lórí, kò sí ọmọ tó máa rí ire gbà.” Ọjọ́ kẹta ni wọ́n sùn.

Ẹ gbọ́ ọ wàyí. Mo kọ́ gbogbo ìyá ìjọ pé kí wọ́n wo òsì. Nígbà tó kan èmi, mo wo ọ̀tún, bí ara mi ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀tún ṣófo. Mo sọ fún Adébímpé pé kò sí nǹkan tó ń bọ̀. Fèrè dún láti òsì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo gbọ́ ọ. Mo rò pé wọ́n ń kí mi nítorí àsíá ni. Mo yíjú sẹ́yìn kí àwọn ọmọbìnrin akọrin lè wò mí, mo sì ju ọwọ́ Adébímpé sílẹ̀, kí n lè gbé tèmi sókè bíi ti ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀. Kò sá padà. Iwájú ló ń lọ, nítorí ó gbà mí gbọ́.

Nípa eyín méjìlélọ́gbọ̀n àti ọkọ̀ ojú irin Kánò, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe jẹ́. Èyí tí ẹ gbà ni irọ́. N kò dá lọ́rì kankan dúró. Bàbá Àjàmú ló rí ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lápá kan, tó rí kòtò lápá kejì, tó sì yan kòtò. Ọwọ́ tí mo gbé sókè kò dá nǹkan kan dúró. Ọwọ́ tí Adébímpé dì mú ni.